Ọ̀gá Tí Ẹ̀rọ Ń Kí

Ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Bí ẹ bá bá a níbi tí inú rẹ̀ ti dùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún yín, yóò sì rẹ́rìn-ín débi tí omi yóò fi máa bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tó máa ń fò, ibi tí wọ́n ti ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa oyè ara rẹ̀ rẹ́. Àwa ò ní fò ó. Nítorí ibẹ̀ gan-an la ṣe jókòó.

Lásìkò tí à ń wí yìí, òun ni Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìkànìyàn. Ilé alájà mẹ́ta ni, tí wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ eérú kùn, tí kọ́ńbọ́ọ̀dù irin tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Iṣẹ́ ilé náà ò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n ka ènìyàn, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹni tó bá ní ìka mẹ́wàá lè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà gbà pé kò sí ẹni tó lè parí rẹ̀ bí kò bá sí òun, àwọn tó yí i ká sì rí i dájú pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé irọ́ ni.

Àṣà kan wà nílé-iṣẹ́ náà tí ẹ ò lè rí níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé tọ Ọ̀gá gbọ́dọ̀ mú ìkíni gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà dání. Ẹni tó bá dá ìkíni tirẹ̀ nìkan mú wá, Ọ̀gá á wò ó bí ẹni tó wọlé láìwọ bàtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, akọ̀wé rẹ̀ wọlé. Gbogbo ilé mọ akọ̀wé yìí sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà, torí ohun tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, òun náà ló sì fi ń parí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà."

"Ìwọ nìkan?"

"Rárá o, sà! Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n kí yín. Awakọ̀ yín ní kí n kí yín. Àwọn ará yàrá fáìlì, gbogbo wọn pátá, ní kí n kí yín. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, orí àkàbà ló wà, orí àkàbà náà ló ti ní kí n kí yín."

"Ṣé ó sọ̀ kalẹ̀?"

"Sà?"

"Kó tó kí mi. Ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà?"

"Ó ti ń sọ̀ bọ̀, sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kan ilẹ̀."

"Ìyẹn náà dáa. Ó yá, kí lo bá wá?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà dúró. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bóyá ó mú nǹkan dání. Ó ti gbàgbé.

"Mo kàn ní kí n wá kí yín ni, sà."

"O ṣeun," ni Ọ̀gá wí. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ohun tí Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbàgbé kì í ṣe kékeré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ti dé, ó wà nínú fíríìjì ní ilé ìpamọ́ ìjọba. Wọ́n fẹ́ pín in fún àwọn ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ tó wà ládùúgbò kálukú wọn, àwọn tí wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ Ìkànìyàn ló máa ka àwọn ọmọ náà látinú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kó jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ọmọ. Bí iye náà ò bá jáde, abẹ́rẹ́ kan ò ní kúrò nínú fíríìjì. Tó bá sì fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, abẹ́rẹ́ náà á ti bàjẹ́.

Obìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílé-iṣẹ́ náà ni Ìyá Ìbejì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó ní ìbejì nílé ò ní agbára tó máa fi sọ̀rọ̀ ṣòfò níbi iṣẹ́. Ó ti kọ ètò tí yóò ka àwọn ọmọ náà: ọgọ́ta ìlà, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà náà ti kọ ètò kọ̀ǹpútà rí, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tó ṣì ní irun lórí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ètò yìí ń ka ọmọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí ẹ ní kó ṣe nìyẹn."

"Á wọlé, á ka ọmọ, á jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni."

"Sà, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ta ni?"

Kí Ìyá Ìbejì tó la ẹnu, Bẹ́ẹ̀-ni-sà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti bá a fèsì. "Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yín ni, sà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, sà!"

Ọ̀gá Àgbà bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó na ìka ìfábẹ̀lá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gún nǹkan lójú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìlà kan sí i, ìlà kọkànlélọ́gọ́ta. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ẹ óò tún pàdé rẹ̀:

*Ọ̀gá Àgbà, Olórí Gbogbo Oníṣirò, Aṣirò-má-ṣì, Baba Ìkànìyàn, Ojú Tó Ń Rí Ohun Tó Fara Sin, a kí yín o.*

Ìlànà tó so mọ́ ìlà náà ni pé, bí ọmọ kan bá ti wọlé kí wọ́n tó kà á, kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ kí Ọ̀gá lórúkọ ọmọ náà. Ìyẹn nìkan kọ́. Kí ọmọ náà tún mú ìkíni gbogbo ọmọ tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀ dání.

"Ọmọ kì í dá wọlé," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn."

"Kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn láti kékeré, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí.

Wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọmọ dán an wò. Kí Ọ̀gá tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnì, ó ti tán. Ó yíjú padà, ó wo Ìyá Ìbejì bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin náà ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tí à ń ṣe nìyẹn nígbà tí nǹkan bá ṣiṣẹ́ fún wa lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ètò tó máa ń yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ̀rọ tó gbà á kọ nǹkan kan sí ojú kọ̀ǹpútà: *Ìkìlọ̀: ẹrù ìlà 61 ń wúwo sí i lójú ọ̀nà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kò ní tètè tán.*

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó kà á.

"Ta ló ń kìlọ̀ fún?" ni Ọ̀gá béèrè.

"Ẹni tó kọ ìlà náà ni, sà," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Èmi?"

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sà."

"Àbùkù ibẹ̀ gan-an nìyẹn! Kò mọ̀!"

"Ó tiẹ̀ tún fi lẹ́tà pupa kọ ọ́, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà fi kún un, ó sì mi orí bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Kó tó di ọ̀sán, ìwé àṣẹ ti jáde, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: *Láti òní lọ, ẹ̀rọ kankan nínú ilé-iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ bá ga ju ìpele kẹwàá lọ. Ẹ̀rọ tó bá ní ohun tó ń dùn ún, kó gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé.* Ìyá Ìbejì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ìkìlọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, wọ́n kó gbogbo ọmọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba, lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì, ó sì lọ jẹun.

Ó jẹun tán, ẹ̀rọ ò tíì tán. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ẹ̀rọ ò tíì tán. Fóònù dún.

"Kékeré."

Ọ̀gá Àgbà sáré lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ọkùnrin náà ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, Kékeré ló ṣì ń jẹ́ lẹ́nu obìnrin yìí.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ́fíìsì ni mo wà."

"Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì lo wà. Ẹ ti ka àwọn ọmọ tán?"

"Ẹ̀rọ wà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó ń ronú."

"Mi ò ní kó ronú, kó kà wọ́n ni mo wí. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n gbé wá bá mi láàárọ̀ yìí, ara wọn gbóná bí iná, nǹkan ti sú bò wọ́n látòkè délẹ̀. Bó bá wọ inú àwọn yòókù, Kékeré, mi ò ní ibùsùn tí mo máa tẹ́ wọn sí. Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo nílò. Wọ́n ní ìwọ là ń dúró dè."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ kan ètò yẹn."

"Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́rú, Ìyá Ìbejì wọlé. Kò mú ìkíni ẹnikẹ́ni dání. Bẹ́ẹ̀-ni-sà fẹ́ dá a padà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti jókòó.

"Sà, mo ti rí ohun tó ń fà á."

"Ẹ̀rọ ti gbó ni. Mo ti kọ̀wé sí Mínísítà, ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ lọ́la, ó yára ju èyí lọ lọ́nà ogún."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ, sà. Ọmọ kìíní tó wọlé, ìkíni kan ló rù. Ọmọ kejì ru méjì. Ọmọ ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún ru ẹgbẹ̀rún. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ìkíni ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ló wà lórí rẹ̀. Ó fẹ́ wọlé kí wọ́n kà á, ẹrù ò jẹ́ kó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e, tirẹ̀ tún máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbé ẹ̀rọ tó yára lọ́nà ogún dé, ẹrù náà á kàn tètè wúwo ni."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí n yọ ìlà kan péré. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti tán."

"Ìlà wo?"

"Ìkọkànlélọ́gọ́ta, sà."

"Ìlà tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ọkùnrin yìí máa ń rọra sáré kọjá níbí náà nígbà tó bá ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yé e. Ó yé e dáadáa. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn tún irú àṣìṣe yìí gan-an ṣe, ó sì ti fi onítọ̀hún rẹ́rìn-ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó rí ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà lójú inú, tó di ẹrù rù. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé, "Ó dáa, yọ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín rẹ̀. Ló bá rí Bẹ́ẹ̀-ni-sà lẹ́nu ọ̀nà, tó na ọrùn, tó ń gbọ́.

"Ìyá Ìbejì," ló wí, "lọ́jọ́ Ẹtì, Mínísítà ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ tuntun. A nílò ẹni tó máa to àga sí gbọ̀ngàn. Mo rí i pé o mọ nǹkan kà. Lọ ka àga."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Igba àga wà ní gbọ̀ngàn, Ìyá Ìbejì ti kà wọ́n, kò sì gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ta aṣọ funfun kan mọ́ ògiri, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí ohun tí ẹ̀rọ bá ń ṣe. Àwọn olórí ilé ìwòsàn jókòó níwájú, àpótí omi dídì wà lẹ́sẹ̀ kálukú wọn, awakọ̀ wọn wà níta, kò sẹ́ni tó pa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá wà láàárín wọn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àpótí tirẹ̀ lé orí itan. Mínísítà jókòó sórí pèpéle. Obìnrin ni, ó tín-ín-rín, ó sì ń wo aago.

Ọ̀gá Àgbà dìde.

"Mínísítà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin olórí, ẹ̀yin ọmọ abẹ́ olórí, ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín méjèèjì! Láti ìgbà tí ayé ti dáyé ni àwọn ènìyàn ti ń kà. Wọ́n ka òkúta, wọ́n ka ìràwọ̀, wọ́n ṣì í kà. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣì í kà? Torí pé kò sí ilé-iṣẹ́ yìí! Lónìí, níṣojú yín, ẹ̀rọ yìí yóò ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ọmọ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó ṣẹ́jú..."

"Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀," ni Mínísítà wí.

"Mo ní ojú ìwé mẹ́sàn-án sí i, mà."

"Ẹ máa kà á bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá gbé ìka sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Ọ̀rọ̀ yọ lára aṣọ funfun. *Ọ̀gá Àgbà, Olórí Gbogbo Oníṣirò, Aṣirò-má-ṣì...* Àtẹ́wọ́ dún. Ó tún yọ, lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láìpẹ́ ìkíni ti kún aṣọ náà dẹ́nu, ó ń ṣàn lọ sókè bí ọṣẹ tó ń hó. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní igun kan, nọ́ńbà kékeré kan ń yí: iye ọmọ tí wọ́n ti kà. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń sáré. Lẹ́yìn náà ó ń rìn. Nígbà tí Ọ̀gá fi máa ka ojú ìwé kẹrin ọ̀rọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà náà ti ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Ó ti ka ọmọ mélòó?" ni Mínísítà béèrè.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà fò dìde. "Ẹ̀rọ ní kí n kí yín, mà!"

"Mo ní ọmọ mélòó."

"Ẹgbẹ̀rún méje, mà. Ó lé díẹ̀."

"Nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ìgbà wo ló máa tán?"

Ọ̀gá Àgbà, Aṣirò-má-ṣì, ṣí ẹnu. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, èsì tó rí ò sì ṣeé sọ níwájú ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú ti ń wo ojú rẹ̀, bó ṣe ń wò ó nígbà tó wà ní kékeré tó bá fọ́ nǹkan.

"Mà, ìyẹn... bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà tó gbòòrò..."

"Ṣé ẹnì kan wà níbí tó mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe?"

Lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ kan gòkè láàárín àga.

"Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń ka àga, mà," ni Ìyá Ìbejì wí. "Kó tó di pé mò ń ka àga, èmi ni mo kọ ètò yẹn. Àyàfi ìlà kan ṣoṣo."

"Ẹ wá síbí."

Ìyá Ìbejì gba àárín gbọ̀ngàn kọjá láìsáré. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó tan ìkìlọ̀ padà, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìkìlọ̀ pupa tú jáde bí omi tó já páìpù: ìlà 61, ìlà 61, ìlà 61. Ó tẹ nǹkan mìíràn, ó ní ohun tí òun fẹ́ fi hàn wọ́n báyìí ni bí ẹ̀rọ ṣe ń ná àkókò rẹ̀. Aṣọ funfun ṣófo. Lẹ́yìn náà ìlà méjì péré yọ, lẹ́tà wọn sì tóbi:

*Nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú:*
*Kíkí Ọ̀gá, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Kíka ọmọ, ẹyọ kan.*

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ikọ́ bò ó. Ẹ̀rín kejì ò rí ikọ́ tí yóò fi bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn rín in, ẹ rọra o. Kò sí ẹni tó jókòó ní gbọ̀ngàn náà, àti ẹni tó ń sọ̀tàn yìí, tí kò tíì fi odindi àárọ̀ kan kí ọ̀gá rẹ̀ rí, tó sì lọ sílé pé ó rẹ òun.

"Ta ni wọ́n ń kí?" ni Mínísítà béèrè.

"Èmi ni, mà," ni Ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Ta ló ní kí wọ́n máa kí yín?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ó dáa. Wọ́n ti kí yín. Ẹ yọ ọ́."

Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí bọ́tìnì, ṣùgbọ́n Mínísítà ní rárá, ẹni tó kọ ọ́ ni kó pa á rẹ́.

Ibi tí ọkùnrin náà máa ń fò nìyí. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ìlà rẹ̀ sì gbòòrò lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà tó lè pa odindi ìlà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti pẹ́, kò rántí ibi tó wà, ojú sì tì í láti béèrè. Ló bá ń pa á rẹ́ láti ẹ̀yìn wá, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìka kan.

"A kí yín o" kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kù sókè, bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò: "Ó ku Ojú Tó Ń Rí! ... Ó ku Ojú! ... Ojú ti lọ!" Ẹ̀rín bú. "Baba Ìkànìyàn! ... Ó ku Baba! ... Baba ti lọ o!"

"Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n èjìká tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n.

Nígbà tó dé Aṣirò-má-ṣì, ìka rẹ̀ dúró. Ó wò ó. Ó yíjú, ó rí àpótí omi dídì lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi ti ń kán láti ìdí rẹ̀ sí aṣọ iṣẹ́ funfun náà. Ó ń kán, ó ń kán. Ó yí padà sídìí ẹ̀rọ. Ó sì wá ń yára. Oníṣirò lọ, Olórí lọ, Àgbà lọ. Ó ku Ọ̀gá. Ó pa á rẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo, àmì kékeré kan ló kù tó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tó ń béèrè pé kí ló tún kù.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni Ìyá Ìbejì sọ fún un jẹ́jẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà tó wà ní igun náà ò rìn mọ́, ńṣe ló fò. Ó kọjá ẹgbẹ̀rún méje kí ẹlẹ́rìn-ín tó pa ẹnu dé. Kò tiẹ̀ gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú iye ọmọ rẹ̀, Mínísítà fọwọ́ sí i lórí orúnkún rẹ̀, àga sì ṣubú lulẹ̀ bí àwọn olórí ilé ìwòsàn ṣe sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpótí lórí. Kò dúró kí i.

"Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe, mà!" ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń wí. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ìbejì ló ti wà báyìí. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó rìn débẹ̀. "Gbogbo ilé ní kí n kí yín, mà!"

"Kí lo bá wá?" ni Ìyá Ìbejì wí.

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi gbé Ọ̀gá Àgbà kúrò ò ju ìlà mẹ́ta lọ. Kò sí ìkíni nínú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ máa ṣe alákọsílẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí àyè sì ti ṣófo ni ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta.

Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, eruku òkúta máa ń bà lé e. Àwọn ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ti yá, àwọn yòókù sì ti gba abẹ́rẹ́ kó tó ràn wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tà. Alákọsílẹ̀ wa béèrè orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ọjọ́ orí, wọ́n ní ọdún mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n: *Ìkìlọ̀: ọmọ yìí ò lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún.*

Ó wò ó. Ìka rẹ̀ ti yí gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa ìkìlọ̀. Ó dúró. Ó tún wo ohun tó tẹ̀, ó rí òdo kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun nìkan, títí ọmọ tó ń ké náà fi dákẹ́ tó ń wò ó. Ó yọ òdo náà.

"Ẹ ṣeun o," ló wí fún ẹ̀rọ. "Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó, ẹ kú..."

"Kékeré!" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde láti yàrá abẹ́rẹ́. "Ta lò ń kí níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Yé kí i. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́."